Báwo la ṣe ń mọ ẹni tí yóò gba àmì-ẹ̀yẹ Sports Personality ti BBC?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Peckham ní London ni mò ń gbé. Lọ́dọọdún, tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ẹni tí yóò gba BBC Sports Personality of the Year, àmì-ẹ̀yẹ eléré ìdárayá ọdún. Olúkúlùkù yóò kọ orúkọ ẹni mẹ́ta. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ṣe ipò kìíní, máàkì márùn-ún. Ipò kejì, mẹ́ta. Ipò kẹta, ẹyọ kan. Ní 2017, Anthony Joshua ni mo fi gbogbo ara gbé, ó já mi kulẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì tíì mú ẹni kìíní látìgbà náà. Ẹni tó ṣe dáadáa jù lọ́dún náà lójú tèmi ni mo máa ń kọ. Níbo ni mo ti ń ṣì í? Àbí ẹni tí àwọn ilé tẹ́tẹ́ bá fi síwájú ni kí n kàn máa tẹ̀ lé?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ibi tí ẹ ti ń ṣì í ti wà nínú ìbéèrè yín: ẹni tó ṣe dáadáa jù lẹ ń kọ. Ìgbìmọ̀ kan ló ń ṣa orúkọ àwọn tí wọn yóò dìbò fún, iṣẹ́ wọn sì tán síbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú tẹlifíṣàn lálẹ́ ọjọ́ náà, tó sì gbé fóònù láti dìbò, ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí àwa tí a ń fi eré ìdárayá ṣiṣẹ́ kì í fi bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó dára jù. Ohun tí à ń wá ni ẹni tí àwọn ènìyàn yóò torí rẹ̀ dìde dìbò.

Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àmì-ẹ̀yẹ yìí gan-an ti fi í hàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1954, ní Oxford, Roger Bannister sáré máìlì kan láàrin àkókò tí kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, ohun tí ẹ̀dá kankan kò ṣe rí. Títí dòní olónìí, ẹni tí kò bìkítà fún eré sísá pàápàá gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Chris Chataway wà nínú eré ọjọ́ yẹn. Òun wà lára àwọn méjì tó ń sáré ṣíwájú kí Bannister lè rí ẹni tẹ̀ lé. Nígbà tí ọdún parí, tí àwọn ará ìlú fi káàdì ránṣẹ́ dìbò, Chataway ló gbà á. Bannister ṣe ipò kejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ní pápá White City ní London, Chataway dojú kọ Vladimir Kuts, ọmọ ilẹ̀ Soviet, nínú eré mítà 5,000. Kuts ń já lọ, Chataway ń lé e, ó sì kọjá rẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí ìlà. Àkókò tó fi sá a di èyí tó yá jù lọ láyé nígbà náà. Alẹ́ ni, tẹlifíṣàn sì ń gbé e bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Àwọn tó fi káàdì dìbò ti jókòó sí ilé wọn, ojú wọn ló sì ṣe. Ti Bannister, àwọn tó wà ní Oxford lọ́jọ́ náà ló rí i. Àwọn yòókù gbọ́ ọ ni, tàbí kí wọ́n wo àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn tó ti tán. Tí mo bá ń kọ́ ọmọ tuntun ní ọ́fíìsì wa bí a ṣe ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ yìí, ìtàn yìí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó mú ìbò wá ní 1954 ló ṣì ń mú un wá báyìí: kí ará ilé fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ọkàn rẹ̀ sì lù pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá kan ti Joshua. Ó dun èmi náà. Ọmọ Ṣàgámù ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Watford ni wọ́n bí i sí, kò sì sí ilé Yorùbá tí a kò ti pariwo lálẹ́ ọjọ́ tó na Wladimir Klitschko ní Wembley, ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 2017. Àwọn bí 90,000 ló kún pápá. Òun ni àwọn ilé tẹ́tẹ́ gbé síwájú pátápátá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka ìbò, Mo Farah ní 83,524, Jonathan Rea ní 80,567, Jonnie Peacock ní 73,429, Joshua sì ní 73,411. Ẹ tún iye yẹn wò dáadáa. Àwọn tó wá wo Joshua ní Wembley lálẹ́ ẹyọ ọjọ́ kan pọ̀ ju gbogbo ìbò tí Farah fi gba àmì-ẹ̀yẹ náà lọ.

Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn Joshua. Ìjà yẹn, owó ọ̀tọ̀ lèèyàn ń san lórí Sky kó tó rí i wò; ilé tí kò sanwó kò rí nǹkan kan. Lójú tèmi, àwọn tí orí wọn gbóná jù fún un jẹ́ ọ̀dọ́, ìwọ̀nba nínú wọn ló sì máa ń jókòó ti BBC láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà dé òpin. Àwọn tó ń jókòó tì í ni bàbá àgbà, ìyá àgbà, àti ìdílé tó ti wo ìdíje eré sísá àgbáyé ní oṣù Kẹjọ láìsan kọ́bọ̀ lé e. Àwọn wọ̀nyí rí Farah ní London, ìlú tirẹ̀, bó ṣe gba góòlù ní mítà 10,000 àti fàdákà ní 5,000, nígbà tó ń dágbére fún eré orí pápá. Ìdágbére a máa mú ìbò wá púpọ̀.

Ẹni kejì ní ọdún yẹn ṣe pàtàkì sí yín ju ẹni kìíní lọ, torí máàkì mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Ẹ lè má tíì gbọ́ orúkọ Jonathan Rea rí. Alùpùpù ló ń gùn, ará Northern Ireland ni, ọdún náà ló sì gba ife àgbáyé Superbike lẹ́ẹ̀kẹta léra wọn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sùn. Bí ìlú kékeré bá ní ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣojú fún wọn, tàbí tí àwọn olólùfẹ́ eré kan bá rí i pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n ọdún ni wọ́n ń dárúkọ eré tiwọn, wọ́n á dìbò ju bí iye wọn ṣe tó lọ. Northern Ireland náà ni Tony McCoy ti wá, òun tó gbà á ní 2010. Kò tíì sí agẹṣin-sáré kankan tó gbà á ṣáájú rẹ̀, gbogbo àwọn tó ń jẹun nídìí eré ẹṣin ló sì polongo fún un. Ní 2009, Ryan Giggs ti Manchester United ní ìbò 151,842, ó sì fi Jenson Button, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife àgbáyé Formula 1 ti eré ọkọ̀, sẹ́yìn pẹ̀lú 96,770. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé Giggs ṣe ju Button lọ lọ́dún náà. Nǹkan bí ogún ọdún tó ti ń bọ̀ ni wọ́n san fún un, ẹgbẹ́ olólùfẹ́ tó pọ̀ rẹpẹtẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ti Peacock tó ṣe ipò kẹta kò yà mí lẹ́nu. Eléré Paralympic tó ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré ni, ó sì gba góòlù ní London lọ́dún náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wọ ètò ijó Strictly Come Dancing tí ìdílé máa ń pé jọ wò lálẹ́ Sátidé. Ìbò 18 ló fi ta Joshua yọ.

Ẹ wá wo àwọn tó gbà á láìpẹ́ yìí. Emma Raducanu, 2021: orí Channel 4 ni wọ́n ti wo ìparí US Open rẹ̀ nínú tẹníìsì lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó ń wò sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án nígbà tó gbóná jù. Beth Mead, 2022: ó ju mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún lọ lórí BBC nígbà tí England lu Jámánì ní Wembley nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù obìnrin Yúróòpù. Mary Earps, 2023: aṣọ́lé tó mú pẹ́nárítì nínú àṣekágbá ife àgbáyé tí wọ́n pàdánù fún Sípéènì, tó sì tún bá ilé iṣẹ́ tó ń rán aṣọ wọn fa ọ̀rọ̀ ní gbangba torí wọn kò ta aṣọ aṣọ́lé fún àwọn ọmọdé tó ń fẹ́ ẹ. Keely Hodgkinson, 2024: góòlù mítà 800 ní Paris. Obìnrin mẹ́rin léra wọn. Ní 2011, ọkùnrin mẹ́wàá ló wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ, kò sí obìnrin ẹyọ kan níbẹ̀; ariwo sọ, wọ́n sì yí bí wọ́n ṣe ń ṣà wọ́n padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ará ìlú ti ṣe tán láti dìbò fún obìnrin tipẹ́, ẹni tó yẹ kó gbé orúkọ wọn síwájú ni kò gbé e. Tí ẹ bá ṣì ń ronú pé obìnrin kò lè gbà á, ẹ tètè mú un kúrò lọ́kàn.

Ọdún Òlíḿpíìkì rọrùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Steve Redgrave ní 2000, Kelly Holmes ní 2004, Chris Hoy ní 2008, Bradley Wiggins ní 2012, Andy Murray ní 2016, Hodgkinson ní 2024. Gbogbo wọn ló gba góòlù Òlíḿpíìkì lọ́dún tí wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ náà. Murray àti Wiggins ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ pẹ̀lú, Wimbledon fún ọ̀kan, Tour de France fún èkejì, ṣùgbọ́n góòlù yẹn wà níbẹ̀. Nítorí náà, tó bá di 2028, ẹni tó gba góòlù ní Los Angeles ni kí ẹ fi síwájú, àyàfi tí nǹkan ńlá kan bá ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sún mọ́ December ló ń borí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní 2014, àwọn ilé tẹ́tẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e fún Rory McIlroy, tó gba ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá méjì ní oṣù Keje àti Kẹjọ. Lewis Hamilton gba ife àgbáyé Formula 1 ní ìparí oṣù Kọkànlá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré sí ètò náà, ó sì ní ìbò 209,920 sí 123,745 ti McIlroy. Ṣùgbọ́n nígbà tí McIlroy wá gbà á ní 2025, oṣù Kẹrin ló ti gba Masters, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá tó ti ń lé tipẹ́. Àwọn ènìyàn kò gbàgbé, torí ó pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a retí rẹ̀. Ìgbà tí àwọn méjì bá sún mọ́ra ni kí ẹ ka oṣù.

Lọ́dún 2025 yẹn náà, agbábọ́ọ̀lù obìnrin England méjì ló wà nínú àwọn mẹ́fà, Chloe Kelly àti Hannah Hampton. Ní 2022, Mead nìkan ni, gbogbo ayọ̀ tó wà lára ẹgbẹ́ náà ló sì dà lé orí rẹ̀. Tí ẹ bá ti rí ẹni méjì láti inú ẹgbẹ́ kan náà, ẹ mọ̀ pé wọ́n á pín ìbò ara wọn. Mi ò ní kọ ìkankan nínú wọn sí ipò kìíní.

Ó ku ti ilé tẹ́tẹ́. Mi ò ní kí ẹ lọ fi owó yín sílẹ̀ níbẹ̀ o, kíkà ni kí ẹ kà á. Ká ní odds àwọn mẹ́fà, ìyẹn iye tí ilé tẹ́tẹ́ yóò san padà lórí pọ́n-ùn kan, jẹ́ 1.50, 4, 8, 15, 21 àti 21. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pín 100, kí ẹ lè rí ìdá nínú 100 tí wọ́n fún un pé yóò gbà á. Ti ẹni àkọ́kọ́ yóò jẹ́ 66.7, ti èkejì 25, ìkẹta 12.5, ìkẹrin 6.7, àwọn méjì tó kẹ́yìn 4.8 àti 4.8. Ẹ ro wọ́n pọ̀, yóò di 120.5. Èyí tó lé lórí 100 yẹn, èrè onílé tẹ́tẹ́ ni. Tí ẹ bá wá fi 120.5 pín 66.7, ẹ ó rí i pé ẹni tí gbogbo ayé ń pariwo pé ó ti gbà á tán kò ju ìdá 55 nínú 100 lọ. Lọ́dún méjì, ó lè já yín kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Owó àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ náà sì ń ti odds síbi tí ariwo bá pọ̀ sí, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àti gọ́ọ̀fù sì pọ̀. Kì í ṣe àwọn ni ìyá àgbà tó ń dìbò.

Bí mo ṣe máa kọ ìwé tiyín nìyí. Mo máa dúró títí wọ́n á fi kéde orúkọ àwọn tí wọ́n ṣà, tí ẹgbẹ́ yín bá gbà bẹ́ẹ̀. Mo máa yọ àwọn tó bá ń pín ìbò ara wọn kúrò ní ipò kìíní. Nínú àwọn tó kù, mo máa wo ẹni tí ará ilé rí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí tẹlifíṣàn tó sì mú omi bọ́ lójú wọn, mo máa kọ ọ́ síbẹ̀, kódà bí òun bá jẹ́ ẹni kejì tàbí ẹni kẹta nínú odds. Ipò kejì, mo máa fún ẹni tí ìlú rẹ̀ tàbí àwọn olólùfẹ́ eré rẹ̀ kò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí àwọn ilé tẹ́tẹ́ gbé síwájú, tí kò bá sí ní ibì kankan nínú méjèèjì yìí, ipò kẹta tó ń mú máàkì ẹyọ kan wá ni mo máa fi í sí.