Káàdì ìyá wọlé, ti ọmọ ò wọlé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Nígbà ìdìbò tó kọjá, èmi àti ọmọ ọmọ mi la jọ lọ. Freedom Pass, káàdì àgbàlagbà tí mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, ni mo yọ, wọ́n fún mi ní ìwé ìdìbò. Tọ́lá yọ káàdì yunifásítì rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀ kedere, wọ́n ní àwọn ò gbà á. Ó bínú lọ sílé, kò padà. Ṣé bí òfin ṣe wí nìyẹn, àbí àwọ̀ wa ni wọ́n ń wò? Freedom Pass ọ̀hún ti wá sọnù báyìí. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló kù lọ́wọ́ mi, orúkọ bàbá mi ló sì wà nínú rẹ̀; orúkọ ọkọ ni mo fi forúkọ sílẹ̀ láti dìbò.
— Màmá Dàmọ́lá

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìnáwó ọkọ̀ o, pàápàá bí Freedom Pass ti sọnù yìí. Bí òfin ṣe wí náà nìyẹn. Òfin ọdún 2022 ló to àwọn káàdì tí wọ́n lè gbà: ti àgbàlagbà tó ń wọ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ti akẹ́kọ̀ọ́ ò sí, èyí tí ọ̀dọ́ fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin náà ò sí. Ibẹ̀ gan-an ló ń bí mi nínú. Ta ló sọ fún wọn pé ojú àgbà ṣeé dá mọ̀ ju ojú ọmọdé lọ?

Tẹ́lẹ̀, mo kàn máa dárúkọ ara mi àti nọ́ńbà ilé ni. Obìnrin tó jókòó níbẹ̀ á gbé rúlà lé ìwé, á fi pẹ́ńsù fàlà sórí orúkọ mi, ó parí. Wọ́n ní ẹlòmíì lè ti fi orúkọ mi dìbò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ n kò tíì débẹ̀ rí kí n bá ilà lórí orúkọ mi. Ní oṣù Karùn-ún 2023, tí wọ́n kọ́kọ́ lo òfin yìí ní Ẹ́ńgílándì, àjọ elétò ìdìbò fúnra wọn ṣírò pé nǹkan bí 14,000 èèyàn ni kò rí ìbò dì nítorí káàdì.

Ní ti àwọ̀, ẹ gbọ́ èyí ná. Lọ́dún 2024, wọ́n dá Boris Johnson, òyìnbó tó ti ṣe olórí ìjọba rí, padà ní ibùdó ìdìbò, òun tí ìjọba rẹ̀ gbé òfin náà kalẹ̀! Ó gbàgbé káàdì sílé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Wọ́n ń gba páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, torí a wà nínú Commonwealth. Kódà bí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, bí ó bá ṣì jọ yín, wọ́n á gbà á. Nítorí orúkọ, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó dání pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lè béèrè ìwé ẹ̀rí olùdìbò tí ìjọba ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ṣáájú ìdìbò.

Ẹ bá mi sọ fún Tọ́lá pé aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń ti ibùdó ìdìbò. Johnson padà lọ mú tirẹ̀ wá, ó dìbò.