Èsì: Igińlá tó gbá họ́kì ní Kánádà

Àbúrò mi ará Iléṣà, o béèrè bóyá lóòótọ́ ni Jarome Iginla ní ẹ̀jẹ̀ Yorùbá lára, àti bóyá ó gba ife Stanley rí, ìyẹn ife tí ikọ̀ tó bá borí ń gbà nínú NHL, líìgì họ́kì Àríwá Amẹ́ríkà. Ti ẹ̀jẹ̀, òótọ́ ni. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Igińlá ni orúkọ yẹn gan-an, Adékúnlé sì wà nínú àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Edmonton ni wọ́n bí i sí ní 1977.

Họ́kì orí yìnyín ni, apá ọ̀tún ló sì ti máa ń gbá a. Yìnyín tí àwa mọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni èyí tó ń bá òjò rọ̀. Orí tiwọn ni wọ́n ti ń fi bàtà onírin sáré. Ẹni tó bá wà lápá gbọ́dọ̀ lè bá èèyàn du rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi igi gbá bíi bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó yí pápá ká, kó sì lè ta á sílé. Iginla mọ méjèèjì. Góòlù 625 ló jẹ nínú NHL, 52 ní sáà 2001–02 nìkan. Ní 2002 náà ló di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Ní Òlíńpíìkì 2010, òun ló gbé rọ́bà fún Sidney Crosby, akẹgbẹ́ rẹ̀, tó fi jẹ góòlù tí Kánádà fi na Amẹ́ríkà ní àṣekágbá.

Ti ife Stanley ló dùn mí. Ní 2004, òun ni balógun ikọ̀ Calgary Flames, wọ́n dé àṣekágbá, àfi ìgbà tó di eré keje, èyí tó kẹ́yìn nínú àṣekágbá náà, tí ikọ̀ Tampa Bay borí wọn. Kò gba ife yẹn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n láti 2019, ẹnikẹ́ni kò tún wọ nọ́ńbà 12 rẹ̀ ní Calgary mọ́.