Bi Réwáyà Léèrè: Bátìrì kejì tí kò gba iná lójú ọ̀nà

Ìbéèrè: Bọ̀dá Réwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ ra Ford Transit ọdún 2017, a gbé bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì bátìrì sínú rẹ̀ kí tọmọtọmọ wa lè máa sùn sí i nígbà ìsinmi. Ẹni tó bá wa ṣe iná rẹ̀ fi rìléè so bátìrì kejì, AGM (irú bátìrì òjé tí wọ́n dí pa) 100Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́), mọ́ ti ẹnjìnnì. Ní oṣù kẹjọ, a wakọ̀ láti Leeds kọjá Glasgow, ó lé ní wákàtí mẹ́rin, nǹkan sì ń dún kọ́, kọ́ lábẹ́ àga dẹ́rẹ́bà. Kó tó di aago mọ́kànlá alẹ́, fíríìjì ti kú. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọbẹ̀ ata tí mo sè sílẹ̀ ti kan. Oníṣẹ́ ní bátìrì ni kò dára, ká lọ ra bátìrì lítíọ́ọ̀mù. Ṣé ká rà á? – Ìyá Ìbejì, Leeds

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì pẹ̀lẹ́ ti ọbẹ̀. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ìró kọ́, kọ́ yẹn ló sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà fún mi.

Rìléè ló ń dún. Bí fóltì ọ̀dọ̀ ẹnjìnnì bá gòkè dé bíi 13.3, á so bátìrì méjèèjì pọ̀. Bó bá wálẹ̀ sí bíi 12.8, á tú wọn. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, alternator, ẹ̀rọ tí ẹnjìnnì ń yí láti mú iná wá, á máa gbé bíi fóltì 14.2 jáde láìsinmi, rìléè á dì í mú, ó parí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó jáde ní Yúróòpù láti nǹkan bí ọdún 2016, tí òfin èéfín Euro 6 ti dé, kọ̀ǹpútà ló ń darí alternator. Kí epo má baà ṣòfò, bí bátìrì ẹnjìnnì bá ti yó díẹ̀, á fa fóltì wálẹ̀ sí 12 àti díẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, á tún gbé e gòkè. Rìléè yín ń dì, ó ń tú, títí ẹ fi dé Glasgow. Bátìrì kejì kàn ń tọ́ iná wò ni, kò yó.

Fíríìjì irú èyí kì í jẹ ju bíi 40Ah lọ láàárín wákàtí 24. Ìdajì AGM la máa ń lò kó má baà tètè bà jẹ́, ìyẹn 50. Bó bá kún ni, ó yẹ kó gbé yín di alẹ́ ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ẹ fi ṣájà ilé sí i mọ́júmọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà. Bí mítà tó ń wọn fóltì bá ka bíi 12.7, tí fíríìjì sì lò ó di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ le.

DC-DC charger ámpì 30 ni kí ẹ fowó yín rà, kó rọ́pò rìléè. Òun á gba fóltì tó lọ sílẹ̀ yẹn, á gbé e dé ibi tí AGM ń fẹ́. Wáyà 16mm² ni kí wọ́n lò. Bí wọ́n bá fi 4mm² rìn tó mítà márùn-ún, bíi fóltì 0.7 ló máa ṣòfò lọ́nà. Lítíọ́ọ̀mù dára, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n orí rìléè yẹn, ebi kan náà ló máa pa á. Bí òtútù bá sì mú un débi tó lọ sábẹ́ dígírì 0, kò gbọdọ̀ gba ṣájì rárá.

Fíúsì ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Mushin, a so bátìrì kejì mọ́ bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n fi ń polówó oògùn. Èmi ni mo fa wáyà náà gba inú ihò irin lábẹ́ àga. Mi ò fi rọ́bà sí etí ihò, mi ò fi fíúsì sí wáyà. Lọ́sẹ̀ kejì, irin ti bó o. Wáyà pọ́n bí ẹyin iná, rọ́bà ara rẹ̀ ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. A já bátìrì iwájú, ó ṣì ń jó, torí pé ti ẹ̀yìn náà ń rán iná wá. Yẹ̀pẹ̀ la fi pa á. Kò sẹ́ni tó wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Àwọn ọmọ yín ń sùn nínú tiyín. Fíúsì ámpì 60 méjì ni kí ẹ ní kí wọ́n fi sí i, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ jìnnà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Bí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ tan ẹnjìnnì, kí ẹ fi mítà sórí bátìrì kejì. Bó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí bíi 14.4, tí kò sí ìró kọ́, kọ́ mọ́, ẹ lè gbé ọbẹ̀ wọ fíríìjì.