Ìbéèrè Òǹkàwé: Ọbẹ̀dò gba omi ẹja mi, ṣé kí n tan iná ultraviolet sí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Mo ń sin ẹja sínú àpótí onígíláàsì kan ní pálọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Omi rẹ̀ tó nǹkan bí 100 lítà. Láti oṣù tó kọjá ni omi náà ti di ọbẹ̀dò, débi pé n kì í rí ẹja mọ́ àfi bí ó bá sún mọ́ gíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti da gbogbo omi náà nù, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi tún rí bákan náà. Ẹni tí mo ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ wá ta gílóòbù ultraviolet kan fún mi. Kò sí ohun tó bo gílóòbù náà, ó sì ní kí n gbé e kọ́ sínú omi kí n tan án. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í kúrò nídìí àpótí yìí. Ǹjẹ́ kò léwu?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, inú mi dùn gan-an pé ẹ bèèrè kí ẹ tó tan án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé e sínú omi, ẹ má sì ṣe tan án níbikíbi nínú ilé.

UV-C ni wọ́n ń pe ìtànṣán tí irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ń tú jáde, ìgùn ìgbì ìtànṣán náà sì jẹ́ nǹkan bí 254 nanometer. Ojú ènìyàn kò lè rí i. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ tí a máa ń rí níbẹ̀ kàn ń bá a jáde ni. UV-C yìí máa ń ba DNA jẹ́, ìyẹn èròjà inú ohun alààyè tó ń darí bí ó ṣe ń dàgbà tí ó sì ń bí sí i, tí ohun náà kò fi ní lè bí sí i mọ́. Bí ó ṣe ń ṣe ọbẹ̀dò náà ni yóò ṣe ara ẹja àti ẹyinjú ọmọ tí ó bá wò ó láti òkè àpótí. Ohun tó mú kí n máa tẹnu mọ́ ọn ni pé kì í dunni lójú ẹsẹ̀: ó di wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà kí ojú tó pọ́n, kí ó sì máa ta bí ìgbà tí iyanrìn kó sínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ó tọ́ ni èyí tí gílóòbù rẹ̀ wà nínú ọ̀pá quartz (irú gíláàsì tí ìtànṣán náà lè gbà kọjá), tí ike dúdú sì bo gbogbo rẹ̀ pátápátá, kí páǹpù lè máa fa omi láti inú àpótí gba ibẹ̀ kọjá, kí ó sì dá a padà. Ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ gba inú asẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀, kí ó sì máa ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí omi tí ó bá sáré kọjá kò ní pẹ́ tó níwájú ìtànṣán kí ọbẹ̀dò inú rẹ̀ tó kú. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, omi yóò máa mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ní àkókò náà, ẹ fi ẹ̀rọ atẹ́gùn sínú omi, kí ẹ sì dín oúnjẹ ẹja kù, torí pé ọbẹ̀dò tó ń jẹrà máa ń gba atẹ́gùn mọ́ ẹja lọ́wọ́.

Èyí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì àti òkúta ńkọ́? Iná yìí kò lè ṣe é ní nǹkan kan, àfi kí ẹ máa ha á.

Ẹ gbọ́dọ̀ yọ wáyà gbogbo ẹ̀rọ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi. Ẹ jẹ́ kí wáyà náà wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó tó gòkè padà sí i, kí omi tó bá ń tẹ̀ lé wáyà lè kán sílẹ̀. Nítorí bí iná ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ fi páǹpù àti gílóòbù sí ojú iná kan náà, kí gílóòbù má baà máa jó nígbà tí omi kò ṣàn; bí iná bá sì dé, ẹ fetí sí páǹpù bóyá ó ń fa omi lóòótọ́.

Lẹ́yìn oṣù 9 sí 12, agbára gílóòbù a ti lọ sílẹ̀ púpọ̀ bí ó tilẹ̀ ṣì ń tàn, ẹ sì nílò láti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pá quartz náà máa ń ní ìdọ̀tí funfun lára tí ó ń dí ìtànṣán lọ́nà, ẹ máa nù ún. Bí ẹ bá sì ń fi oògùn sínú omi fún ẹja, ẹ pa iná náà, torí ó lè ba oògùn mìíràn jẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó rárá, Ìyá Ìbejì, ẹ gbé àpótí náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Oòrùn àti àṣẹ́kù oúnjẹ ni ọbẹ̀dò ń jẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iná orí àpótí tàn ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́, oúnjẹ tí ẹja lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ máa fún wọn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sẹ̀, dípò kí ẹ máa da gbogbo rẹ̀ nù, èyí tó ń kó ìnira bá ẹja. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí nìkan tó.

Ní ti gílóòbù tí ẹ ti rà, ẹ fi aṣọ dì í, kí ẹ sì dá a padà fún ẹni tó tà á. Mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fọ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Páálí ni kí ẹ fi kó àfọ́kù rẹ̀ sínú ìgò onídèérí.