Ẹ má wa ọkọ̀ háyà dé ẹnu etíkun lásìkò ọdún

Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ háyà ọkọ̀ ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, tí ẹ fẹ́ fi gbé ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta lọ sétíkun ní Lekki lọ́jọ́ kejì Kérésì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka tèmi kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ yẹn dé etíkun tààrà ni. Ẹ má wà á débẹ̀ o. Mo ṣe é rí, ojú mi rí màbo.

Èmi, ọkọ mi, ọmọ wa méjì àti ìyá ọkọ mi la jọ lọ, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá náà ni, èmi ni mo wa ọkọ̀ torí ẹsẹ̀ ń dun ọkọ mi. Aago méje àárọ̀ la kúrò ní Àkúrẹ́, ojú ọ̀nà ò burú rárá, inú wa dùn. Aago méjì ọ̀sán la wọ àdúgbò etíkun, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti yí padà. Kìlómítà kan péré ló kù lórí Google Maps, wákàtí méjì àtààbọ̀ la fi rìn ín. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Ìyá ní àwọn fẹ́ tọ̀, kò síbi tá a lè yà sí, èyí kékeré nínú àwọn ọmọ ń sunkún, abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo bá pa AC, a ṣí wíńdò, ni àwọn tó ń ta gàlá àti omi inú ọ̀rá bá ń nawọ́ wọlé lọ́tùn-ún lósì. Ìyá, tí wọ́n ti gbọ́njú nígbà ogun Biafra 1967 tó dé Ọ̀rẹ̀, kàn mirí, wọ́n ní "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀ nìyí o."

Ibi tó rẹ̀ mí dé nìyẹn tí ọmọ kan fi sáré wá, ó ń júwe, "mummy ẹ gé e sọ́tùn-ún, ẹ wá, ẹ wá, ó ti dáa." Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó tì ló ní kí n gbé e sí. Mo fún un ní ₦3,000, ó ní òun máa ṣọ́ ọ. Nígbà tá a padà dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ mìíràn ló wà níbẹ̀, ọmọ yẹn kan náà ló sì ń júwe fún ẹni tó ń gbé e sílẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, yanrìn lẹ́sẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Kí n tó mọ ẹni tí mo máa bi, fóònù mi dún, ọlọ́kọ̀ ni, láti Àkúrẹ́. Tírákà ti fi hàn án pé ọkọ̀ òun wà nínú yáàdì kan tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tí wọ́n bá mú sí. Ó mọ̀ ṣáájú wa pé wọ́n ti wọ́ ọ lọ.

Torí pé ọdún ni, ọjọ́ kẹta la tó rí i gbà. A sanwó ìtanràn, a san owó ibi tá a sùn, ọlọ́kọ̀ gba owó ọjọ́ tó lé, ó tún yọ nínú dípọ́síìtì wa torí bọ́ńpà tó ha. Ìyá àtàwọn ọmọ ti wọ bọ́ọ̀sì padà sílé nígbà yẹn. Ó dùn mí gan-an ni, torí ìyá ò tíì rí òkun rí láyé wọn, wákàtí kan péré ni wọ́n sì lò níbẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń lọ, ojúmọmọ, ẹ má rìn lóru pẹ̀lú ọmọ. Ẹ gba Oǹdó yọ sí Ọ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tọ ọ̀nà ńlá yẹn gba J4, ìlú kan lójú ọ̀nà yẹn, dé Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti yà sí Ẹ̀pẹ́, ẹ má bá wọn lọ sí Sagamu rárá, kó máa di pé ẹ ń wá gba àárín Èkó kọjá. Láti Ẹ̀pẹ́ ẹ máa kan Eleko kẹ́ ẹ tó dé Ajah. Tó bá jẹ́ òkun nìkan lẹ fẹ́ káwọn ọmọ rí, Eleko tó, ẹ ò ní láti dé etíkun Ikate ní Lekki níbi tí èrò ti máa ń pọ̀ jù. Kẹ́ ẹ ṣáà ṣọ́ra fún tírélà àti tánkà, torí ilé ìfọpo Dangote wà ní Ìbẹ̀jú-Lekki yẹn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó họ̀tẹ́ẹ̀lì, ẹ pè wọ́n, ẹ bi wọ́n bóyá inú géètì ni wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ sí. Tí wọ́n bá ní "ẹ máa rí ibì kan níta," ẹ wá ibòmíràn. Ẹ fi ọkọ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ wọ Bolt lọ sétíkun ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kẹ́ ẹ kúrò kó tó di ọ̀sán.

Ẹ má tẹ̀ lé Google Maps wọnú one-way o, ẹ máa wo ojú pátákó. Ìjọba Èkó máa ń gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ tó bá gba one-way, wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ta ní gbàǹjo, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ sì lẹ wà nínú ẹ̀. Òkun tiẹ̀ náà, omi Èkó máa ń fa èèyàn, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ kọjá ibi tí omi ti kan kókósẹ̀, kẹ́ ẹ sì di ọwọ́ wọn mú.

Ti ọlọ́kọ̀ ló kù. Ẹ ya fídíò ọkọ̀ yíká lójú ẹ̀, bọ́ńpà, táyà, sípíà, ẹ wo ìwé ọkọ̀ bóyá ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá, tí gíláàsì bá dúdú ẹ béèrè ìwé àṣẹ ẹ̀. Kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó máa san ìtanràn àti iye tó máa gbà tí ọjọ́ bá lé. Ti wa, ẹnu lásán la fi sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti bá a sọ̀rọ̀ tán, ẹ kọ iye tó pè síbí kí n bá yín wò ó.