Èsì: Ìtàn tó ti jáde tẹ́lẹ̀, ṣé ó lè wọ inú ìwé tuntun?

Ẹ kú iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn mẹ́ta yín tó ti jáde nínú ìwé ìròyìn yẹn lè wọ inú àkójọ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, bó bá jẹ́ pé ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ gbé e jáde nìkan lẹ fún wọn.

Ẹ ṣí ìwé àdéhùn yín. Ẹ wá iye oṣù tí wọ́n ní kí ìtàn náà má ṣe jáde níbòmíràn. Bó bá ti pé, tiyín ni. Bó bá jẹ́ "gbogbo ẹ̀tọ́" lẹ tà, ẹ kọ̀wé gbàṣẹ ná. Ẹ dárúkọ ìwé ìròyìn náà àti ọdún rẹ̀ níwájú ìwé.

Ìtàn kẹrin tí ẹ ní ẹ fẹ́ gbé sórí Facebook ló ń kọ mí lóminú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síbẹ̀! Lójú ọ̀pọ̀ olóòtú, ó ti jáde nìyẹn. Ìtàn tí kò tíì jáde rí nìkan ni Commonwealth Short Story Prize, ìdíje ìtàn kúkúrú fún ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth, ń gbà, láti ọ̀rọ̀ 2,000 sí 5,000. Ti Caine Prize, ẹ̀bùn ìtàn kúkúrú fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà, yàtọ̀: èyí tó ti jáde ni wọ́n ń fẹ́, olùtẹ̀wé ló sì ń fi í ránṣẹ́, kì í ṣe òǹkọ̀wé. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi ìtàn yín tó ti jáde ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹ tètè bá olóòtú yín sọ ọ́.