Bí ẹ ó ṣe dá ààlà àárín kọ́pà àti alumíníọ́mù sí nínú mẹ́ṣì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kúbwà ní Abuja ni mo wà, inverter ni à ń tò. Mo fẹ́ fi Gmsh, ètò kọ̀ǹpútà tó ń pín nǹkan sí ègé kéékèèké fún ìṣirò, ṣe mẹ́ṣì (àwọn ègé náà) fún àwo alumíníọ́mù (120 × 80 × 10 mm) tí kọ́pà (30 × 30 × 5 mm) jókòó lé lórí, kí n lè ṣírò bí ooru á ṣe máa jáde. Tí mo bá dà wọ́n pọ̀, wọ́n á di ẹyọ kan, n kò sì ní lè fún kálukú ní iye tirẹ̀. Tí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ooru kì í kọjá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wo ilé oníyàrá méjì. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín, yàrá ọ̀tún ń lò ó, tòsì náà ń lò ó. Ohun tí mẹ́ṣì yín ń fẹ́ nìyẹn. Union (dída wọn pọ̀) tí ẹ ṣe ti wó ògiri náà. Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ògiri méjì ló mọ, tí wọ́n fara kanra. Nóòdù (ibi tí igun àwọn ègé mẹ́ṣì ti pàdé) ti kọ́pà àti ti alumíníọ́mù lè wà lójú ibì kan náà gan-an, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọn yàtọ̀, kò sì sí ohun tó so wọ́n pọ̀ nínú ìṣirò.

Fragment, àṣẹ Gmsh tó ń gé wọn níbi tí wọ́n ti kanra, lẹ máa lò (3 dúró fún fólúùmù, ìyẹn odindi nǹkan; 1 àti 2 ni nọ́ńbà àwọn méjèèjì):

gmsh.model.occ.fragment([(3, 1)], [(3, 2)])
gmsh.model.occ.synchronize()

Ó máa gé òkè àwo náà sí méjì: 30 × 30 tó wà lábẹ́ kọ́pà, àti ìyókù tó yí i ká. 30 × 30 yẹn ni méjèèjì á jọ máa lò. Ẹ má kàn ka iye ojú (face) kí ẹ ní ó ti ṣe é o. Ojú 12 ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀, 12 náà ni wọ́n máa ní lẹ́yìn fragment: 5 ti kọ́pà, 6 ti alumíníọ́mù, 1 tí wọ́n jọ ni. Ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ẹ fi getMass wọn ojú tí wọ́n jọ ni náà, kó jẹ́ 900 mm², kí ìyókù òkè àwo jẹ́ 8700. Kí ẹ wá fi getAdjacencies béèrè àwọn fólúùmù tó ń lo ojú náà: méjì ló gbọ́dọ̀ dárúkọ. Tó bá dárúkọ ẹyọ kan, ògiri méjì ṣì ni.

Tí kò bá ṣiṣẹ́, yíyà (àwòrán tí ẹ yà) ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí kọ́pà bá fi 0.02 mm péré ga ju òkè àwo lọ, fragment ò ní rí ibi tí wọ́n ti kanra, kò sì ní pariwo. Ẹ tún yíyà náà ṣe. Èyí sàn ju kí ẹ máa fi ToleranceBoolean (ìwọ̀n àlàfo tí Gmsh lè gbójú fò) bò ó mọ́lẹ̀. STEP (fáìlì tó ń gbé odindi nǹkan) ni kí ẹ sì gbé wá, kì í ṣe STL (fáìlì onígun mẹ́ta tó ń gbé ojú òde nìkan) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lẹ́yìn fragment ni kí ẹ tó ṣe Physical Group (ẹgbẹ́ tí ẹ kó apá mẹ́ṣì sí, kí ẹ lè fún un ní iye tirẹ̀), torí nọ́ńbà máa ń yí padà. Ẹ ṣe ọ̀kan fún fólúùmù kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ṣe ti ojú àárín náà tí ẹ bá máa lò ó. Tí Physical Group bá ti wà, ohun tí ẹ ò bá fi síbẹ̀, Gmsh kò ní kọ ọ́ sínú fáìlì.

Thermal paste (ìpara tó ń gbé ooru láàárín kọ́pà àti àwo) ńkọ́? Tó bá nípọn 0.1 mm, ẹ má ṣe mẹ́ṣì fún un. Élímẹ́ǹtì (ègé mẹ́ṣì) á kàn pọ̀ jù lásán. Ẹ fi iye k rẹ̀ (bó ṣe ń gbé ooru tó) pín ìnípọn rẹ̀ kí ẹ lè rí ìdènà ooru rẹ̀. Tí k bá jẹ́ 2: 0.0001 m ÷ 2 W/mK jẹ́ 0.00005 m²K/W. Níbẹ̀, nóòdù méjì-méjì ló tọ́, nítorí ìwọ̀n ooru máa ń fò láti òkè paste sí ìsàlẹ̀. Solver (ètò tó ń ṣe ìṣirò) ló máa fi contact (ìsopọ̀ ojú méjì tó kanra) so wọ́n.

Kí ẹ tó gba èsì kankan gbọ́, ẹ fi 50 W sí orí kọ́pà, kí abẹ́ àwo jẹ́ 40°C, kí ẹ̀gbẹ́ yòókù má gba ooru má tú u. 50 W náà ló gbọ́dọ̀ jáde lábẹ́. Tí solver bá kígbe "singular matrix" (ìṣirò tí kò ní ìdáhùn kan pàtó), kọ́pà kò tíì so mọ́ nǹkan kan.